Wọ́n Dá A Láre, Oorun Kọ̀ Ọ́

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣé wọ́n ti dá ọ láre rí, tí ọkàn rẹ kò sì gbà?

Afọlábí, awakọ̀ tírélà ní Apapa, mọ bó ṣe ń rí. Ní Malu Road, kọ̀nténà yẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wó lu Chukwudi tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè gbà á là.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kòtò ló fà á. Wọ́n dá Afọlábí láre, wọ́n sì gbàdúrà fún un.

Ṣùgbọ́n ńṣe ni Afọlábí mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fi irin ti kọ̀nténà náà mọ́ ọkọ̀. Ọgbọ́n burúkú táwọn kan ń ta nídìí iṣẹ́ náà nìyẹn: bí ẹrù bá fẹ́ ṣubú, kó dá ṣubú, kó má baà fa ọkọ̀ lọ. Wọn kì í ro ti ẹni tó wà nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí irin bá kan irin lásán lóru, á ta jí, kò ní lè sùn mọ́. Nkechi, opó Chukwudi, tún dá kún un. Bó bá pàdé rẹ̀ l'Ájégúnlẹ̀, á ní, "Broda, no worry. God don clear you." Ìtùnú náà, pé Ọlọ́run ti dá a láre, ń ta á bí ata lójú.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó jẹ́wọ́ fún Martins, awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́. "Wọ́n ti dá mi láre. Kí ló dé tí mi ò lè sinmi?"

"Torí irọ́ lo fi gba àre náà," ni Martins wí. "Ẹni tí kò jẹ̀bi làwa èèyàn ń dá láre. Ti Jésù yàtọ̀: ẹlẹ́bi tó jẹ́wọ́ ló ń dá láre, torí òun ló jẹ ìyà rẹ̀ lórí àgbélébùú."

Afọlábí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá tírélà rẹ̀. "Olúwa, èmi ni mo pa á. Ṣàánú mi."

Ó lọ bá Nkechi, ó sọ òótọ́. Obìnrin náà figbe ta, ó lé e jáde. Kò tíì dárí jì í. Afọlábí gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fúnra rẹ̀, ó jẹ́wọ́ níbẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì àtìmọ́lé, ó sùn fọnfọn.

Ọ̀rẹ́ mi, ta ló dá ìwọ láre? Àwọn ará ilé rẹ? Àwọn ọ̀gá rẹ? Ohun tí Ọlọ́run rí, wọn kò rí i. Ẹjọ́ kan ṣì kù níwájú rẹ, o kò sì mọ ọjọ́ tí a ó pè é. Jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, níbi tí o jókòó sí yẹn.