Ìwé fún Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Lórí ìkúnlẹ̀ ni olùtàwé ti kọ́kọ́ rí oníbàárà náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ ìwé tó kéré jù, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé bọ́ sí i léjìká, ó sì ń ka ìwé ọmọdé jẹ́jẹ́ sétí ara rẹ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bó bá kan ọ̀rọ̀ tó le, á ká ìka kan kò. Nígbà tí ìka márààrùn-ún ká tán, ó dá ìwé náà padà.

"Kí ni ìwé yẹn fi ṣe yín?" ni olùtàwé bi í.

"Ọ̀rọ̀ líle márùn-ún lójú ewé kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́fà á jù ú sílẹ̀, á lọ gbá bọ́ọ̀lù."

"Èmi gan-an á lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Ó rẹ́rìn-ín. Tíṣà kíláàsì kìíní ni.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá. Ó sọ fún olùtàwé pé àwòrán gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, pé kí ọ̀rọ̀ kan náà máa padà wá bí ojúlùmọ̀, kí ọmọ sì ti rẹ́rìn-ín kó tó ṣí ojú ewé kẹta. Olùtàwé á kàn máa mi orí. Lójú rẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kúrò nílẹ̀, tó ń léfòó lọ pẹ̀lú àwọn méjèèjì nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí olùtàwé kò sọ fún un. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó mọ̀wé kà, nílé-ẹ̀kọ́ alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ẹrù rírù. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ló fi jókòó lórí bẹ́ńṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Títí di ìsinsìnyí, díẹ̀díẹ̀ ló ń kàwé. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún tíṣà, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì?

Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ ìdánwò wọ tíṣà lọ́rùn, tó ní kó bá òun yan ìwé kan fún gbogbo kíláàsì, èyí tí èèpo rẹ̀ dára jù ló mú. Kò kà á. Tíṣà gbé ọgbọ̀n ẹ̀dà lọ.

Ọjọ́ kẹta ló padà dé, kò kí i.

"Ọmọ mẹ́rin ló sunkún lónìí. Wọ́n ní olódo làwọn. Ṣé ẹ tiẹ̀ ka ìwé yìí?"

Olùtàwé wolẹ̀. "Mi ò kà á."

"Kí ló dé?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹrù dé orí bẹ́ńṣì. Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó jáde.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fojú kàn án. Olùtàwé fi ọ̀sẹ̀ méjèèjì ka gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ ọmọdé. Èyí tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀ nínú rẹ̀, á yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mẹ́tàdínlógún péré ló kù. Ó dì wọ́n, ó gbé wọn lọ bá tíṣà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà wá.

"Àwọn ọmọ ka mẹ́ta tán kí agogo tó lù. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti mọ̀wé kà, mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Ìwọ ò gbàgbé." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwé kọ́ ló dùn mí. O fi nǹkan pa mọ́ fún mi."

"Má bínú, olólùfẹ́ mi."

"Ta ni olólùfẹ́ rẹ?" Ṣùgbọ́n kò kúrò níwájú rẹ̀. "Bàbá mi fẹ́ rí ọ lọ́jọ́ Àìkú."

Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀gá ilé-ìwé na ìwé ìròyìn sí i. "Bá mi ka ti òkè yẹn. Ojú mi ò gbé e mọ́."

Olùtàwé gbà á. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kàwé."

"Ta ló ń lé ọ? Jókòó."

Ó kà á. Ó tó ìlàjì wákàtí. Bàbá di ojú, ó ń gbọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó parí, bàbá bojú wo ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ẹni tó wù ọ́ nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

"Ó dáa. Ẹ mú oṣù ìgbéyàwó tó bá wù yín."

Tíṣà wá jókòó ti olùtàwé, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ níwájú bàbá, kò sì gbé e kúrò.