Ariwo Ọjọ́ Sọ́ńdè Lórí Òrùlé Lieve

"Firmin, mo ní ṣé wàá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yìí àbí o ò ní sọ̀rọ̀?"

"Lieve, jẹ́ kí n mu kọfí mi!"

"Kọfí! Wọ́n fẹ́ ti ilé ọtí bàbá mi pa, kọfí lo ń bá mi sọ!"

"Mo máa sọ̀rọ̀. Ó tó báyìí?"

Ká ní Lieve mọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọkùnrin yẹn ni, kọfí gbígbóná náà ni ì bá dà sí i lára. Ìdúnta ni wọ́n fẹ́ra wọn, ó sì gbọ́kàn lé e pátápátá.

Orí òrùlé ilé gíga kan nílùú Aalst, ní ilẹ̀ Belgium, ni ilé ọtí náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹyẹlé tí bàbá rẹ̀ fi ń díje. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń tú àwọn ẹyẹ náà sílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ fò padà délé ló jáwé olúborí. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá a máa gòkè wá dúró de ẹyẹlé, òùngbẹ a sì máa gbẹ wọ́n. Bí bíà ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí bàbá kú, Lieve ló jogún ilé ọtí àti ẹyẹlé. Kò bímọ, kò ní ibòmíì tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Àfi ìgbà tí ẹnì kan tó fi orúkọ pa mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kàn án pé ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ kí àdúgbò sinmi. Ìgbìmọ̀ ìlú wá pe ìpàdé: ẹni tó bá lọ́rọ̀, kó wá sọ ọ́ kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n máa tì í.

Ohun tó ń bí Lieve nínú jù ni àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gbèjà òun níbẹ̀ títí ẹnu fi bó o. "Àwa náà ń bọ̀, Lieve! Ta ló tó ti ibí pa?" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì na kọ́ọ̀pù pé kó tún bu bíà sí i. Annemie àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń tù ú nínú. "Ẹ̀gbọ́n mi, fọkàn balẹ̀. Èmi àti Firmin wà lẹ́yìn rẹ." Ẹnu dídùn! Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú àbúrò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Lieve sọ̀rọ̀ títí Madam Verstuyft, obìnrin tó jẹ́ alága, fi ní àkókò rẹ̀ ti tó.

"Ṣé ẹlòmíì fẹ́ sọ nǹkan kan?"

Àwọn tó ń kọrin lórí òrùlé lálaalẹ́ ń wo bàtà wọn. Bàbá Omer, tó sunkún ní tábìlì Lieve fún odindi oṣù kan nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ń nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ó kù díẹ̀ kí Lieve figbe ta.

Firmin bá dìde. Lieve mí kanlẹ̀.

"Madam, ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n mi ò lè parọ́ nítorí ẹ̀. Ariwo yẹn pọ̀ jù! Ọ̀sán Sọ́ńdè ló sì burú jù. Orin, ìjà, igbe! Màá jókòó sínú yàrá wa nísàlẹ̀, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ là mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọmọdé Aalst pàápàá mọ̀ pé ọ̀sán Sọ́ńdè ni ẹyẹlé ń ti ilẹ̀ Faransé dé. Bí ariwo bá wà, ẹyẹ náà ò ní bà, àwọn ẹlòmíì á sì gba ipò kìíní. Orí aṣọ ni wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù lé lórí òrùlé yẹn ní Sọ́ńdè, ẹni tí ikọ́ bá sì ń ṣe, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń lé e lọ.

"Sọ́ńdè?" Lieve yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Firmin, o ní ìlú Ostend lò ń lọ ní gbogbo Sọ́ńdè, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ tára ẹ̀ ò yá. Yàrá wo lo wá jókòó sí? Ibo lò ń lọ gan-an, tó ò mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀ sókè níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè?"

Annemie ló fò dìde.

"Olórí kunkun! Sátidé! Sátidé ni mo ní kó o sọ!"

Gbogbo yàrá dà rú.

"Annemie!" Lieve kọjú sí i. "Ìwọ náà ni?"

"Ṣé ìwọ nìkan ni bàbá bí ni? Ilé ẹyẹlé burúkú! Ilé gidi là bá kọ́ síbẹ̀, èmi àti..."

"Ìwọ àti ta? Parí ẹ̀! Ìwọ àti ta?"

Annemie wo Firmin, Firmin wo ilẹ̀.

"Ọkọ mi! Ọmọ ìyá mi!" ni Lieve kígbe. "Ọlọ́run á dá a fún yín!"

"Ọ̀gbẹ́ni," Madam Verstuyft bi Firmin, "ṣé ẹ̀yin lẹ fi orúkọ pa mọ́, tẹ́ ẹ ń fẹ̀sùn kan ilé ọtí yìí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jókòó. Ẹ̀sùn yìí ti fọ́. A ò ní ti ilé ọtí náà pa."

Annemie kò gba Firmin sílé. Kí ló fẹ́ fi ọkùnrin tí kò ní òrùlé ṣe? Ostend ló padà sá lọ ní tòótọ́, níbi tó ti ń fọ abọ́ fún àǹtí rẹ̀ tára rẹ̀ le koko. Ní ti Annemie, bó bá wọ ilé búrẹ́dì, wọ́n á ní, "Sátidé, ẹ káàárọ̀ o!" Ó tọ́ sí i!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, àwọn oníbàárà gòkè wá pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ń pe bíà. Lieve ká apá mọ́yà níwájú ẹ̀rọ ọtí. Ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ẹ ò ní mu."

"Hà, Lieve! A ṣẹ́gun!"

"Ta ni 'a'? Ẹnu yín dí lọ́sàn-án! Irọ́ ló gbà mí, kì í ṣe ẹ̀yin! Ẹni tó bá fẹ́ mu, kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ níbẹ̀."

Wọ́n ń wo ara wọn. Bàbá Omer ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́, Bàbá Omer."

"Mo ní... nígbà tí ìyàwó mi kú..."

"Ẹ sọ ọ́ sókè!"

"Nígbà tí ìyàwó mi kú," bàbá náà pariwo, omi ń dà lójú rẹ̀, "ibí nìkan ni wọn ò ti sọ fún mi pé kí n dákẹ́!"

Lieve nawọ́ mú kọ́ọ̀pù.