Rọ́bà Kẹfà

Rọ́bà márùn-ún àkọ́kọ́ lu agolo bó ṣe yẹ. Ìkẹfà ni kò bá agolo. Motúnráyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, yọ lójijì láti ẹ̀yìn abà tí ìyá wọn ti máa ń yan ẹja, ó fẹ́ wo ohun tó ń dún, rọ́bà náà sì bà á lójú ọ̀tún.

Kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ìlérí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ju ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a.

Ọmọ tó lọ́pọlọ ni Ìlérí, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn dù ú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ronú kan ẹ̀rọ náà. Ó yọ mọ́tò kékeré nínú fáànù oníbátìrì tó ti bàjẹ́, ó kàn án mọ́ pákó, ó na rọ́bà mẹ́wàá láti iwájú pákó dé ẹ̀yìn, ó sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ wọn. Tó bá ti tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò á máa wé okùn, okùn á sì máa tú rọ́bà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á máa fò. Rọ́bà tí ìyá rẹ̀ fi ń di ọ̀rá edé ló kọ́kọ́ lò, ìyẹn kò sì lè pa eṣinṣin. Olùkọ́ wọn ní kó gbé e wá síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Airport Road lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà ọlidé. Òfin kan ṣoṣo ni olùkọ́ fún un: rọ́bà wẹ́wẹ́ nìkan ni kó lò.

Yasir, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é, ló wá rojú sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. "This one no get power," ni ó wí. "Make we cut bicycle tube put am. Dem go fear us." Ìlérí rántí òfin olùkọ́. Ó tún rántí ipò kìíní. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ náà.

Nísinsìnyí Yasir kò lè wo ojú Motúnráyọ̀. "No talk am o," ó rọra sọ fún Ìlérí. "Dem go seize am, and Friday don reach."

Ìlérí kúnlẹ̀ ti àbúrò rẹ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èéfín ni. Ṣé o gbọ́? Ìwọ lo máa bá mi tẹ bọ́tìnnì lọ́jọ́ Ẹtì."

Motúnráyọ̀ mi orí pé òun gbọ́. Ohun tí Ìlérí bá sọ, abẹ ló gé e lójú tirẹ̀.

Ìlàjẹ ni wọ́n, etí omi lẹ́yìn Edjeba, ní Warri, ni wọ́n sì ń gbé. Nínú ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja láti àárọ̀ dalẹ́, ojú pípọ́n kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Màmá Àgbà, tó bí ìyá wọn, ní kẹ́ẹ̀gì omi òkun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi máa ń bá a gbé bọ̀ láti ilé. Bí èéfín bá wọ ẹnikẹ́ni lójú, Màmá Àgbà á gbé orí onítọ̀hún lé itan, á bu omi náà sí i, á fi àtàǹpàkò ra ìpéǹpéjú rẹ̀, á sì máa kọrin ìsìn lábẹ́lẹ̀. Kò sí èéfín tí omi náà kò ṣẹ́gun rí.

"Èéfín ni, Mọ́mì," ni Ìlérí sọ nígbà tí ìyá wọn dé láti ọjà. Màmá Àgbà sì gbé orí Motúnráyọ̀ lé itan.

Ní Ọjọ́rú, Motúnráyọ̀ fẹ́ bu ẹ̀bà, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Lẹ́yìn náà ó bì. Ìlérí fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ti dúró sí ìsàlẹ̀ ẹyinjú, níbi dúdú. Ó lọ sọ fún Yasir níléèwé, Yasir ní, "Two days remain. Abeg, hold body."

Mi ò ní tan yín: ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó padà sílé, ó ń wo Màmá Àgbà tó ń ra ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, Ìlérí nìkan ló sì mọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ojú náà ti wú. Motúnráyọ̀ kò lè là á mọ́.

"Èéfín burúkú ni èyí," ni Màmá Àgbà wí. "Wá, ọma mi. Gbé orí sí ibí."

Ìyá wọn yíjú sí Ìlérí. "Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé èéfín nìkan ni?"

Kí Ìlérí tó la ẹnu, Motúnráyọ̀ ti dáhùn láti orí itan ìyá àgbà. "Na smoke, Mọ́mì. Na only smoke."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìlérí lọ́kàn. Ọmọdé yìí ò fi ojú náà ríran mọ́, síbẹ̀ ó ṣì ń dáàbò bò ó. Màmá Àgbà ti na àtàǹpàkò.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ìlérí wí. "Kì í ṣe èéfín. Èmi ni. Rọ́bà ẹ̀rọ mi ló bà á. Rọ́bà táyà ni mo fi sí i."

Ìyá wọn kò nà án. Ó gbé Motúnráyọ̀ lé èjìká, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta, wọ́n sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Dókítà tan iná sí ojú náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí sókè. "Who dey rub this eye?"

Màmá Àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè Warri dáadáa. Ìlérí ló máa ń túmọ̀ fún un níbi gbogbo. "Kí ni ó wí?" ni arúgbó náà bi í.

Ìyá wọn ti jáde lọ gba káàdì. Ìlérí lè sọ ohunkóhun tó bá wù ú. Ó wo ojú ìyá àgbà, omijé ń bọ́ lójú tirẹ̀.

"Ó ní ta ló ń ra ojú náà."

"Èmi ni. Sọ fún un pé èmi ni."

Ìlérí sọ ọ́. Dókítà fèsì, Ìlérí sì túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yọ ìkankan kúrò. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ya sínú ojú náà lọ́jọ́ tí rọ́bà bà á. Ó ní ká ní a tètè gbé e wá ni, ká sì jẹ́ kó sinmi, ẹ̀jẹ̀ náà ìbá ti fà lọ. Ó ní rírà tí à ń rà á ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún ya. Ó ní òun máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n ojú náà lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Màmá Àgbà gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó.

"Omi mi mọ èéfín," ó wí níkẹyìn. "Èéfín lo sì pè é fún mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìlérí kò lọ sí Airport Road. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣe fún olùkọ́, olùkọ́ sì yọ orúkọ rẹ̀ àti ti Yasir kúrò nínú ìpàtẹ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Motúnráyọ̀ fi sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí gíga lábẹ́ orí. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì tí dókítà fi bo ojú náà, ó rí ọwọ́ dókítà, àmọ́ kò lè ka iye ìka tó nà. Iwájú pátápátá ló ń jókòó níléèwé báyìí.

Àwọn aládùúgbò ṣì máa ń gbé ọmọ wọn tọ Màmá Àgbà wá nígbà tí èéfín bá dà wọ́n láàmú. Kì í gbà wọ́n mọ́. "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà," ni ó máa ń wí, á sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ìró.

Ọjọ́ gbogbo ni Ìlérí ń rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àṣìṣe lè ṣe ẹnikẹ́ni, a sì lè dárí rẹ̀ jì yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi irọ́ bò ó, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ lè parí ohun tí àṣìṣe yín bẹ̀rẹ̀, kó má sì tilẹ̀ mọ̀.