Máàpù Tí Sewanu Fọwọ́ Kà

Títílọpẹ́ ń tẹ iyanrìn mọ́ pátákó kíkankíkan. Gọ́ọ̀mù fẹ́ gbẹ, alábẹ̀wò ilé-ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Aradagun. Máàpù Badagry ló ń ṣe fún Sewanu, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran. Ọ̀gá ilé-ìwé ti là á mọ́lẹ̀: ìjọba ológun ti gé owó ilé-ìwé, kò sí olùkọ́ tí yóò dá Sewanu kọ́. Bí kò bá lè ka máàpù lónìí bíi ti àwọn yòókù, kó máa lọ sílé ní Imeke.

"Sewanu, wá wò ó."

"Kí n wò ó? O fẹ́ yá mi lójú ni?" Sewanu rẹ́rìn-ín, ó nawọ́.

"Níbo ni òkun wà?"

Ìka Sewanu dúró níbi tó ń dán. "Ibí."

Títílọpẹ́ fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn. "Rárá, ilẹ̀ nìyẹn. Ibi oníyanrìn ni òkun."

"Iyanrìn kẹ̀? Ìwọ ọmọ Èkìtì yìí! Bí ẹsẹ̀ mi bá tẹ iyanrìn, orí ilẹ̀ ni mo ṣì wà. Bí mo bá kan omi ni mo tó mọ̀ pé òkun dé."

Etí òkun ni Títílọpẹ́ àti àwọn òbí rẹ̀ máa ń jókòó sí tí wọ́n bá lọ wo òkun; wọn kì í wọ omi. Iyanrìn nìkan ló ń bá wọn délé. Kò bi Sewanu léèrè ohunkóhun kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó mú rúlà, ó fẹ́ máa ha á. Olúbísí, tí wọ́n jọ ń jókòó, gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má bà á jẹ́ o! Ẹ̀bùn ìdíje ohun èlò ẹ̀kọ́ tí alábẹ̀wò fẹ́ fún ilé-ìwé kan ti fẹ́ di tiwa. Jẹ́ kí Sewanu há a sórí: ìsàlẹ̀ lòkun, òkè nilẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Títílọpẹ́ kò gbé rúlà sílẹ̀. Ọ̀nà náà yá, ó sì rọrùn. "Bí wọ́n bá yí pátákó náà ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé máàpù mìíràn wá lọ́la ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ọ̀dà aláwọ̀ mèremère bó dànù. Gọ́ọ̀mù ti tán. Ó sáré lọ bu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, ó fi lẹ iyanrìn mọ́ ibi tí ilẹ̀ wà lórí máàpù, ó sì fi àbẹ́là pa ojú omi kó lè máa yọ̀. Ní gbogbo ìgbà náà, ọwọ́ Sewanu wà lórí iṣẹ́ náà: "Fẹ ọ̀sà sí i. Ó dáa báyìí."

Alábẹ̀wò wọlé. Ó wo pátákó tó rí jákujàku náà, ó fajú ro, ó sì yí i tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi di òkè. "Láti Badagry, gba ọ̀nà òkun lọ," ló wí fún Sewanu.

Ìka Sewanu rìn díẹ̀díẹ̀. "Mo ti dé ọ̀sà, sà. Mo ti sọdá rẹ̀. Iyanrìn rèé." Ó dúró, ìka rẹ̀ yọ̀ lórí àbẹ́là. "Òkun rèé."

"Ó yege," ni alábẹ̀wò wí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jáde.

Kí wọ́n tó jáde ilé-ìwé, ìròyìn dé pé ilé-ìwé kan ní Morogbo ló gba ẹ̀bùn ìdíje náà, Olúbísí sì bínú kọjá lára Títílọpẹ́ láìkí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé kò sọ ọ́ mọ́ pé kí Sewanu lọ sílé ní Imeke. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun èlò ẹ̀kọ́ tí a kò bi ẹni tí yóò lò ó léèrè kí a tó ṣe é, ìfiṣòfò lásán ni, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Títílọpẹ́ ṣan ẹ̀kọ tó ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ kúrò, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì gba ilé lọ.