Àlàyé Tó Ṣáájú Ìdájọ́

Adájọ́ ka ìdájọ́ dé ìdajì, ó dákẹ́, ó gbójú sókè wo gbogbo èèyàn tó wà nínú kóòtù, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ má kúrò níbi tí ẹ wà o. A ń padà bọ̀."

Kò sì lọ síbì kankan. Ó jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ ṣófo bí ojú fèrèsé ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Kò fọwọ́ kan omi iwájú rẹ̀, kò ṣí ìwé. Ó pẹ́ tó bí rédíò ṣe máa ń polówó ọṣẹ kan. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó ń bá kíkà rẹ̀ lọ.

Ẹ mọ àwọn lọ́yà. Bí adájọ́ bá sín, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo orí tó dé wíìgì doríkodò, bíírò ń sáré lórí ìwé. Lọ́yà àgbà kan, tí ikùn rẹ̀ máa ń wọ kóòtù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, rọra bi ẹni tó jókòó tì í:

"Kí ni Olúwa mi wí?"

"Wọ́n ní ká má lọ."

"Lọ síbo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ni ò kọ nǹkan kan, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Alálàyé. Tirẹ̀ ni gbólóhùn yẹn. Lánàá ló sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò, kí wọ́n lè ráyè polówó láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn ò sì tíì gbé e sáfẹ́fẹ́.

Lọ́yà ni Alálàyé lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ro ẹjọ́ gbẹ̀yìn. Àwọn tó gbé ẹjọ́ náà fún un ṣì ń sunkún. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí ni pé kó máa ṣàlàyé ìdájọ́ fún ará ìlú lórí rédíò lọ́sàn-án: ta ló jàre, kí ló dé, ibo ni adájọ́ ti ṣìnà. Adájọ́ máa ń ṣìnà ṣáá ni. Kò tíì sí èyí tó gbọ́n tó Alálàyé rí.

Ìdájọ́ máa ń jáde láàárọ̀, ètò rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ta ló fẹ́ jókòó ka gbogbo ìwé gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn tán kó tó lanu? Ọgbọ́n tó dá ni pé kí adájọ́ tó jókòó rárá, òun á ti ka àlàyé méjì sínú ẹ̀rọ: ọ̀kan fún bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá jàre, èkejì fún bí ó bá jẹ̀bi. Bí ìdájọ́ bá ti jáde, olóòtú ètò, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, á gbé èyí tó bá bá a mu sáfẹ́fẹ́. Àwọn olùgbọ́ á ní, "Ẹ wo bí orí ọkùnrin yìí ṣe yá!"

Ẹjọ́ tọjọ́ yẹn jẹ́ ti wẹ́dà kan, ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀, tó ti wà lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ní ó dáná sun ilé ìkẹ́rùsí kan, tí gáàdì sì kú sínú rẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà: ẹnì kan tó ń kọjá lọ ní òun rí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú èéfín. Ẹ̀yìn, nínú èéfín! Gbogbo ẹni tó mọ òfin díẹ̀ ló mọ̀ pé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn máa dá a sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kun yàrá rẹ̀ lọ́dà dè é.

Nítorí náà, àlàyé àkọ́kọ́, èyí tí wẹ́dà ti jàre, tẹ́ lẹ́nu bí omi gbígbóná. Èkejì ló dùn. Nígbà tí Alálàyé ń kà á, olóòtú rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu tábìlì.

"Ẹ máa pa mí o! Ó mà ṣe. Wọ́n á dá a sílẹ̀, gbogbo adùn yìí á sì ṣòfò."

Alálàyé náà rẹ́rìn-ín. Ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí èèyàn kì í fi han ìyàwó ẹni pàápàá, ó ní: ì bá mà dáa kó má ṣòfò.

Adùn náà ló wá ń gbọ́ láti ẹnu adájọ́ yìí.

"Wẹ́dà ní òun ò mọ iná yẹn rí," ni adájọ́ ń kà. "Bí ìgbà tí apẹja bá ní kò sẹ́ni tó fi òun han omi."

Ó dúró díẹ̀, gẹ́lẹ́ níbi tí Alálàyé ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Arúgbó tí ohùn rẹ̀ máa ń ha bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó ni, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ dán, ó kúnná, ó ń mí níbi tí Alálàyé ti mí. "Wọ́n ní ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n rí. Ẹ̀yìn náà, ta ló ni ín?" Kò pe òfin kankan. Kò tọ́ka sí ẹjọ́ kankan. Ó ní ẹ̀wọ̀n wẹ́dà dúró.

Wẹ́dà yíjú wá ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Ìyá ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé e.

Lọ́sàn-án, olóòtú pe Alálàyé lórí fóònù. "Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn yín! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ adájọ́ gan-an lẹ mú, kò yẹ̀. Ṣé inú ikùn bàbá yẹn lẹ ń gbé ni?"

"Iṣẹ́ ni," ni Alálàyé wí. Ó gba ìyìn náà. Ó dúpẹ́ pàápàá. Lẹ́yìn náà kò lè wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ní ọjọ́ kejì, adájọ́ ránṣẹ́ pè é sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé, yàrá náà ń rùn bí ìwé tí òjò pa. Adájọ́ ò ní kó jókòó.

"Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ ní rédíò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi."

"Mo kọ ọ́ pé kí ọmọ yẹn máa lọ sílé. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe kọ ọ́. Mò ń wò ó, ẹnu mi sì ń sọ nǹkan mìíràn."

"Kí ló dé tí ẹ ò dáwọ́ dúró, sà?"

"Mo dáwọ́ dúró. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà tí mo fẹ́ dáwọ́ dúró."

"Ẹ lè... ẹ lè tún un ṣe."

"Ohun tí mo bá ti sọ ní gbangba kóòtù ti di ìdájọ́, ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀. Òfin lo kọ́ ni, àbí rédíò? Kí n wá sọ fún wọn pé ẹnì kan yá ẹnu mi lò? Èmi, ní ọjọ́ ogbó mi?" Ojú ń ti bàbá náà débi pé etí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé méjì lo máa ń kà sílẹ̀. Èwo lo fẹ́ràn níbẹ̀?"

Alálàyé, tí ọ̀rọ̀ ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí, ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Máa lọ," ni adájọ́ wí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá wẹ́dà wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀. Alálàyé ti múra fún èébú. Ì bá tù ú lára. Ńṣe ni ìyá kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi."

"Lọ́yà, ọmọ mi, ẹjọ́ ti ń lọ sí kóòtù tó ga jù lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín máa ń dé ẹnu adájọ́. Ẹ bá mi sọ dáadáa fún ọmọ mi."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Bàbá arúgbó kan. Kò jókòó, kò lè wojú mi. Ó ní ẹ̀yin ni kí n wá bá."

Alálàyé fún un ní àga, ó sì jókòó láti kọ̀wé. Ẹyọ kan ló máa kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ka gbogbo ìdájọ́ àti gbogbo ẹ̀rí, nǹkan tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ: èéfín, ẹ̀yìn, ohun tí òfin wí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó kà á sókè, ó tẹ́. Ó tún un kọ, ó tún tẹ́. Ó fi gbogbo ọkàn rẹ̀ bẹ ara rẹ̀ pé kó fẹ́ràn rẹ̀. Ó wo ìyá tó jókòó jẹ́ẹ́, tó gbé báàgì lé orúnkún, kó lè rí àánú kó sínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tó ti ń wò ó ni gbólóhùn kan ti sọ sí i lọ́kàn, nípa ìyá náà fúnra rẹ̀ àti yàrá tó kùn lọ́dà, fún ọjọ́ tí ẹjọ́ bá tún já sí òdì. Ó kúrú, ó mú, ó dùn. Mi ò ní tún un sọ níbí, kí ẹ má baà rẹ́rìn-ín.

Alálàyé sọ bíírò sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, àmọ́ ẹ̀rín náà ti yọ sójú.

Ìyá rí i. Ojú òun náà là, ó fa àga súnmọ́ tábìlì.

"Lọ́yà," ló wí, "ó ti dùn, àbí?"