Kì í Ṣe Jẹ̀dí-jẹ̀dí

Omi kejì nìyí tí Àpótí dà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, síbẹ̀ pupa náà kò lọ tán. Ẹ̀jẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún bu omi kún korobá.

Àṣé bàbá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ni bàbá, ìyẹ̀fun ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí lo ń wò? Jẹ̀dí-jẹ̀dí lásán ni. Ṣúgà ni mo jẹ jù. Má sọ fún ìyá rẹ o. Ṣebí Àpótí ni ọ́?"

Nítorí pé ọ̀rọ̀ kì í jò lẹ́nu rẹ̀ ni bàbá fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, mi ò ní sọ."

Bàbá sá fún ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ò sá fún bàbá. Ó ń rù, ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́ nídìí. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, pupa náà ni Àpótí ń rí. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á láti pa á mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá ṣubú lulẹ̀ gbì níwájú ààrò búrẹ́dì.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi ìyá bóyá bàbá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀.

"Rárá o," ni ìyá dáhùn tọkàntọkàn.

Bàbá ń ṣẹ́jú sí Àpótí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti da bàbá. Tí kò bá sọ, wọ́n lè sin ín.

"Wọ́n ń yà á, dókítà! Láti ìgbà òjò ni. Jẹ̀dí-jẹ̀dí ni wọ́n pè é!" Ẹkún gba ìyókù lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ìfun bàbá. Àrùn jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tàn káàkiri.

"Ẹ má bínú, sà," ni dókítà wí, "ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Bí ẹ bá tètè wá ni, iṣẹ́ abẹ tí a fẹ́ ṣe yìí ìbá kéré. Kí lẹ máa ń jẹ?"

"Ẹran, àti búrẹ́dì funfun tèmi. Mo máa ń jọ ìyẹ̀fun rẹ̀ kó kúná. Àwọn adìyẹ ló ń jẹ èèrí rẹ̀."

"Adìyẹ yín mọ oúnjẹ jẹ jù yín lọ! Èèrí, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso ni àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ń jẹ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ásíìdì ọlọ́ràá kéékèèké tó ń bọ́ ara ìfun. Àwọn onímọ̀ gbà pé irú oúnjẹ yìí wà lára ohun tó ń dín ewu jẹjẹrẹ kù. Ṣùgbọ́n kì í wo èyí tó ti wọlé o. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, kó yáa wá."

Wọ́n gé jẹjẹrẹ náà kúrò. Nígbà tí bàbá padà sílé, ó gbé ajọ̀ kọ́ ògiri, àwọn adìyẹ sì ń ké kiri àgbàlá nítorí èèrí. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára Àpótí. Ìgbàkígbà tí bàbá bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àpótí ń dúró sí. Ó ti kọ́ ọ pé àṣírí tó lè pani kì í ṣe ohun à ń bá èèyàn pa mọ́, àti pé bí a bá fún àìsàn ní orúkọ kékeré, àìsàn náà kò torí bẹ́ẹ̀ kéré.

"Àpótí!" ni bàbá pè láti inú.

"Bàbá?"

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ o. Bí o ò bá gbà mí gbọ́, wá wò ó."

Ó wọlé, ó sì wò ó dáadáa kó tó da omi sí i.