Ìtàn Ilé Àrìnpé

Gbọ̀ngàn náà kún débi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní yunifásítì ló pe tọmọdé tàgbà Abẹ́òkúta wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Iwájú ni Ummulkulthum àti Àrìnpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, jókòó sí. Ummu ò fẹ́ pàdánù ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ti pinnu pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun máa kà ní yunifásítì.

Nígbà tí àlejò tó sọ̀rọ̀ lórí òwò ẹrú parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá, obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, gba máíkì.

"Ẹ̀yin ọmọ girama, lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa bá wa sọ̀rọ̀. Kí kálukú wá sọ ohun tó so ilé tiẹ̀ pọ̀ mọ́ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ta yọ yóò bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí yunifásítì kan lọ́hùn-ún nígbà ìsinmi."

Ara Ummu ò gbà á mọ́. Bó ti délé ló lọ bá bàbá rẹ̀, Alhaji Mùsílíù, tó ń ta páànù ní Láfẹ́nwá.

"Bàbá, ǹjẹ́ wọ́n kó ẹnikẹ́ni lẹ́rú nínú ìdílé wa lọ sí Amẹ́ríkà rí?"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí o! Tàófíìkì àbúrò mi nìkan ló ń lé Amẹ́ríkà kiri. Ọdọọdún ló ń ta lọ́tìrì físà. Ó tilẹ̀ ti palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó ní òun ti ń lọ. Orúkọ rẹ̀ ò jáde dòní."

Ummu yínmú. Ṣé ìyẹn ni èèyàn máa dúró sọ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n?

Àrìnpé ló ní ìtàn. Nílé wọn ní Ìgbẹ̀ìn, bí wọ́n bá bímọ, ìyá àgbà á gbé ọmọ náà sẹ́nu ọ̀nà, á sì pe Ṣóyọyè, ọmọ ilé tí wọ́n jí gbé lọ́nà oko láyé ogun, tí wọ́n tà sókè òkun: "Ṣóyọyè o, a ti bí àbúrò fún ọ. Ilé ò gbàgbé rẹ." Ummu wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí àbúrò Àrìnpé. Ìyá àgbà dì í lọ́wọ́ mú. "Torí pé mo kà ọ́ mọ́ ọmọ ilé ni mo ṣe jẹ́ kí o rí i. Má sọ ọ́ níta o."

Àrìnpé fúnra rẹ̀ ò tí ì forúkọ sílẹ̀. "Mo ṣì ń bẹ ìyá àgbà ni," ó sọ fún Ummu. "Bí wọn ò bá gbà, mi ò ní sọ ọ́."

Ọjọ́ pé. Ummu gun orí pèpéle. "Nílé wa," ó bẹ̀rẹ̀, "bí a bá bímọ, ìyá bàbá mi á gbé e sẹ́nu ọ̀nà..." Ọ̀rọ̀ ò tí ì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Àrìnpé ló ń wọlé, ó di ìyá àgbà mú lápá. Ìyá ti gbà níkẹyìn. Ó fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọmọ òun fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ.

Ummu rí wọn. Ó ṣì lè dúró. Ó ṣì lè ní, "Ẹ forí jì mí, ìtàn ilé ọ̀rẹ́ mi ni." Ó gbójú kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó sì pe orúkọ náà sínú máíkì: "Ṣóyọyè o!"

Ìyá àgbà yí padà, ó sì jáde, Àrìnpé tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún Ummu. Òun ló gbégbá orókè.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá yà sílé Ummu láti wá kí ìyá bàbá rẹ̀.

"Ìyá mi kẹ̀?" ni Alhaji wí. "Wọ́n ti kú kí n tó gbéyàwó. Ta sì ni Ṣóyọyè?"

Ummu bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Nígbà tí bàbá tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Tàófíìkì, obìnrin náà mi orí. "Ìyẹn gan-an là ń wá, Ummu. Ẹni tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ nítorí ìlú tí kò dé rí! Kí ló dé tí o ò sọ tìrẹ?"

Wọ́n yọ orúkọ Ummu kúrò lára àwọn tó ń lọ Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá lọ bẹ ìyá àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bí Àrìnpé bá lè wá sọ ìtàn náà, òun á fi í rọ́pò Ummu. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀.

"Wọ́n jí i gbé lẹ́ẹ̀kan, a fara dà á. Ẹ tún wá jí i gbé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ máa lọ, mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín."

Bí Àrìnpé ò ṣe lọ nìyẹn. Ọmọ ilé-ìwé mìíràn ló lọ. Ní kíláàsì, Àrìnpé kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn. Ummu kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ wọn.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni Àrìnpé wí. "Àmọ́ kò sí nǹkan tí mo tún lè sọ fún ẹ mọ́ láyé."

Ẹ̀yin ọmọ, àṣírí tí ọ̀rẹ́ fi sọ́wọ́ ẹni kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá fi ra òkìkí, òkìkí á lọ, ọ̀rẹ́ náà á sì lọ. Ẹ̀bẹ̀ lè mú ìdáríjì wá; kì í dá ìfọkàntán padà.